Irú Inú Yàrá, Káńfọ̀ àti Imú Wolé-Wolé

Ẹ̀yin ará, ǹjẹ́ ẹ tilẹ̀ mọ ohun tó mú kí àwọn àgbà máa pa á lówe pé a kì í fi òórùn lé òórùn, fèrèsé là á ṣí? Ẹ ti gbọ́ ọ títí. Wọ́n ti fi bá ọ̀pọ̀ nínú yín wí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ máa ń pa irọ́ kejì láti fi bo èkíní mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí òwe náà ti wá, ẹ ò mọ̀ ọ́n. Àwọn kan ní ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́ja ló ti wá. Kì í ṣe òótọ́. Inú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ló ti wá, ní ìlú kan lápá Òkè-Ògùn, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan. Mo máa sọ ọ́ fún yín bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an. Kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń tòògbé bá mi fi ìgbọ̀nwọ́ kàn án.

Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Ìbídùn. Ó bẹ̀rù Ọlọ́run, ó mọ ilé é tọ́jú, kì í sì í ṣe ẹni tó máa ń wá ọ̀rọ̀ kiri. Òun àti ìyá rẹ̀ nìkan ló ń gbé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún wọn. Ìyá Onírú ni gbogbo ìlú ń pe ìyá yìí, nítorí láti ìgbà ọmọge rẹ̀ ló ti ń se irú. Irú rẹ̀ kì í sì í ṣe irú yẹpẹrẹ. Bí ẹnìkan bá fi sọ́bẹ̀ ní òpópónà kan, àwọn ará òpópónà kejì á bẹ̀rẹ̀ sí í rántí pé ó ti pẹ́ tí àwọn ti kí onítọ̀hún kẹ́yìn.

Ilé náà dára. Àtẹ̀gùn rẹ̀ ni kò dára fún ìyá. Àtẹ̀gùn mọ́kàndínlógún ló wà láti ilẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà yàrá, orúnkún Ìyá Onírú sì ti kọ̀ wọ́n sílẹ̀ pátápátá. Bó bá ń gòkè, orí ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ti ń dúró gbàdúrà. Nígbà tó bá fi dókè, ó ti gbàdúrà fún ìjọ, ó ti gbàdúrà fún ìjọba, ó sì ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tó kórìíra rẹ̀. Ní òjò tó kọjá, ó yọ̀ lórí ìkeje, ó sì yí wálẹ̀. Àpò igbá, èso tí wọ́n fi ń se irú, tí kò tíì sè, tó wà ní ìdí àtẹ̀gùn, ni Ọlọ́run fi gbà á mú. Ìyá dìde, ó gbọn aṣọ, ó ní, "Ògo ni f'Ólúwa." Ṣùgbọ́n Ìbídùn, tó rí i bó ṣe yí, kò rí oorun sùn ní ọjọ́ mẹ́ta. Ó pinnu pé ìyá òun kò ní pẹ́ mọ́ nínú ilé olókè.

Ọ̀nà wà. Ilé kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ àti ilẹ̀ jọ ga bákan náà. Ẹni tó ni ín fẹ́ kí Ìyá Onírú gbà á, ṣùgbọ́n ó ti kìlọ̀ pé bí ọjọ́ Àìkú bá kọjá láìgbọ́ ọ̀rọ̀, òun á fún ẹni tó tún ń bẹ òun. Wọn kò sì lè gba ilé kékeré láìtíì ta ilé ńlá. Àwọn mẹ́ta ti wá wo ilé ńlá náà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yin òrùlé, wọ́n yin ògiri, wọ́n gòkè dé iwájú yàrá ẹ̀yìn tí ìyá ti ń tọ́jú irú, wọ́n fa imú lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì rántí pé ẹnìkan ń dúró de àwọn níbòmíràn. Ẹni kẹrin ló kù. Ẹni kẹrin náà, ẹ̀yin ará, wolé-wolé ni.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ wolé-wolé. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n, àwọn ló máa ń wọ ilé onílé láti wo ìmọ́tótó: wọ́n á ṣí ìkòkò omi rẹ, wọ́n á yẹ ẹ̀yìn ilé rẹ wò. Alàgbà Olúkọ̀tún ti ṣe iṣẹ́ náà fún ọgbọ̀n ọdún kó tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní ó lè dúró ní ìkòríta kó sọ pé, "Ilé kẹta lọ́wọ́ òsì, ẹ lọ da omi ìsàlẹ̀ ìkòkò yẹn nù." Wọ́n ní ó ti fi imú rí eku tó kú sínú àjà ilé kan, tó jẹ́ pé onílé fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé ilé òun ní àjà. Imú yìí ló ń bọ̀ wá wo ilé Ìyá Onírú.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ni wọ́n jọ fi àdéhùn sí. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ Sátidé, aago mẹ́jọ kò tíì lù tí Gbádébọ̀, ajẹ́ńtì tó ń bá wọn ta ilé, fi sáré wọlé tòun ti bàtà lọ́wọ́.

"Àǹtí Ìbídùn, aago mẹ́wàá ni wọ́n ń bọ̀."

"Lọ́jọ́ wo?"

"Lónìí."

"Gbádébọ̀, ọ̀la lo sọ."

"Ọ̀la ni mo sọ. Àwọn ló sọ pé òní. Ẹni tó fẹ́ rà ló ń dá ọjọ́, àǹtí, kì í ṣe èmi."

Ìbídùn gbé ìgbálẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti ògiri. "Irú wà nínú yàrá ẹ̀yìn."

"Irú náà ti pọ̀ tó?"

"Apẹ̀rẹ̀ márùn-ún. Ti ìdúpẹ́ ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ọjọ́ kejì rẹ̀ lónìí."

Gbádébọ̀ jókòó sórí àtẹ̀gùn.  Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká kó o lọ sí ẹ̀yìnkùlé."

"Ìwọ lo máa sọ fún Màámi?"

Gbádébọ̀ yára mirí. Ó yẹ kó mirí. Kí ìyá tó lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì ní àárọ̀ yẹn, ó ti na ìka kan sí Ìbídùn, ó ní, "Má ṣí fèrèsé yàrá yẹn o. Má gbé apẹ̀rẹ̀ kankan kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Irú tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí kó tó jinná, ẹ̀wà jíjẹrà ni, mi ò sì lè gbé ẹ̀wà jíjẹrà lọ síwájú Ọlọ́run." Òótọ́ ló sọ. Gbogbo ẹni tó mọ irú mọ̀ pé ooru ló ń mú un jinná. Ìyá ti to apẹ̀rẹ̀ márààrún sórí bẹ́ẹ̀dì onírin àtijọ́ kan, èyí tó tóbi jù níbi ìrọ̀rí, àwọn tó kéré tẹ̀ lé e títí dé ìsàlẹ̀, ó sì fi kúbùsù bò wọ́n dáadáa kí wọ́n lè móoru.

"Ó dáa," ni Gbádébọ̀ wí. "A ò ní lé e jáde. A máa bò ó ni."

Ìbídùn wò ó. Ohùn kan sọ fún un nínú ọkàn rẹ̀ pé ohun tí èèyàn bá ń bò, ó ti mọ̀ pé kò dára ni. Ó mọ ohùn náà. Wọ́n ti fi tọ́ ọ láti kékeré. Ó ní kí ohùn náà fún òun títí di ọ̀sán.

Ó kọ́kọ́ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ ilẹ̀ láti òkè délẹ̀. Irú kò tilẹ̀ mira. Ó mú ìgò lọ́fínńdà tó wà fún àdúrà, ó wọ́n ọn sára aṣọ fèrèsé, ó wọ́n ọn sórí àga, ó wọ́n ọn sí ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn. Ó dúró, ó fa imú. Òórùn irú ṣì wà níbẹ̀ bó ṣe wà, àfi pé ó ti wọ aṣọ ìyàwó.

"Kò tó," ni Gbádébọ̀ wí. "Ẹ ò ní tùràrí ni?"

Tùràrí wà nílé. Aládùúrà kì í ṣaláìní tùràrí. Wọ́n da ẹ̀yín iná sínú àwo amọ̀, wọ́n bu tùràrí lé e, wọ́n gbé e sí orí àtẹ̀gùn. Nítorí pé gbogbo fèrèsé òkè ló wà ní títì, èéfín náà kò rí ibi lọ. Ó gòkè, ó kan àjà, ó padà wálẹ̀, ó sì jókòó bí àlejò tí kò mọ ilé mìíràn. Ojú Ìbídùn pọ́n. Omi ń dà lójú rẹ̀ wàrà. Ọ̀fun rẹ̀ di.

"Ẹ jẹ́ ká ṣí fèrèsé pálọ̀ nìkan," ni ó wí pẹ̀lú ikọ́.

"Bí ẹ bá ṣí ti pálọ̀, atẹ́gùn á gba ibẹ̀ wọ yàrá irú. Ẹ ní sùúrù. Mo mọ ohun tó kù."

Ó sáré jáde, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìyàwó rẹ̀, ó sì padà pẹ̀lú páálí káńfọ̀ kan. Ó kó káńfọ̀ sí igun ilé, ó kó o sẹ́yìn àga, ó kó o sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì irú. Ìbídùn rí ihò kan lára ilẹ̀kùn yàrá náà tí òórùn ń gbà jáde, ó fa òwú, ó rì í sínú lọ́fínńdà, ó dí i. Nígbà tí kúbùsù ìyá sì ti gbó, tí kò ṣeé fi han àlejò, ó mú aṣọ funfun tuntun kan láti inú àpótí, ó tẹ́ ẹ lórí bẹ́ẹ̀dì láti ìrọ̀rí dé ìsàlẹ̀, ó sì ká etí rẹ̀ sábẹ́ dáadáa. Gbádébọ̀ yìn ín. Ó ní ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ó já òdòdó mẹ́ta lára ọgbà, ó fi wọ́n sórí aṣọ náà, níbi àyà.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ Yorùbá, ẹ bá mi kà wọ́n: tùràrí, lọ́fínńdà, káńfọ̀, òwú, aṣọ funfun lórí bẹ́ẹ̀dì, fèrèsé títì pa, àti ọmọ obìnrin tí ojú rẹ̀ ti wú. Kí ló kù? Pósí nìkan ló kù.

Ìbídùn kò rí i. Ẹni tó wà nínú èéfín kì í rí bí èéfín ṣe rí. Ohun kan ṣoṣo ló ń rò, pé bí ilé yìí bá bọ́ lọ́wọ́ wọn lónìí, ẹni tí yóò gba ilé kékeré lọ́la kò ní jẹ́ ìyá òun.

Aago mẹ́wàá lù, Alàgbà Olúkọ̀tún àti ìyàwó rẹ̀ sì dé. Alàgbà ga, ó tinrín, ó wọ fìlà aláwọ̀ eérú. Ìyàwó rẹ̀ jẹ́ obìnrin onínúure tí ara rẹ̀ kún. Kò sí ọjọ́ ọjà tí kì í ra irú lọ́wọ́ Ìyá Onírú, ṣùgbọ́n kò tíì wọ ilé wọn rí. Wọ́n wọ ẹnu ọ̀nà. Alàgbà dúró. Imú rẹ̀ ṣí lẹ́ẹ̀kan, ó pa dé. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ wò ó. Ó rọra ṣí fìlà.

Gbádébọ̀ rí i, inú rẹ̀ dùn. Ó ta Ìbídùn lólobó pé, "Ẹ wò ó, ó ti ń bọ̀wọ̀ fún ilé."

Alàgbà fẹ́ yí padà. Ìyàwó rẹ̀ fa apá aṣọ rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n Ìbídùn gbọ́ ọ. "A ò lè dé ẹnu ọ̀nà ilé irú èyí ká padà, Bàbá Adúnọlá. Ìwà kọ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká gòkè."

Wọ́n gun òkè. Ìyàwó Alàgbà di ọwọ́ Ìbídùn mú, ó wo ojú rẹ̀ tó pọ́n, tó ń da omi. "Ọmọ mi, màmá ńkọ́?"

Ìbídùn fẹ́ sọ pé màmá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Tùràrí kò jẹ́. Ikọ́ gbé e, ó fi gèlè bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì, ó sì ń mi orí. Ìyàwó Alàgbà fà á mọ́ra. "Má sọ̀rọ̀. Mo ti mọ̀. Má sọ̀rọ̀ rárá."

Gbádébọ̀, tó fẹ́ kí wọ́n yára kọjá yàrá irú, ní, "Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti pálọ̀, mà."

"Ìwọ ọmọkùnrin yìí," ni ìyàwó Alàgbà wí, "ṣé pálọ̀ ni èèyàn kọ́kọ́ ń lọ lọ́jọ́ tó rí báyìí? Níbo ni wọ́n tẹ́ wọn sí?"

Kí Gbádébọ̀ tó rí èsì, òwú tó wà lára ilẹ̀kùn ti dá a lóhùn. Ìyàwó Alàgbà rí i, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sì rí bẹ́ẹ̀dì: orí ńlá, àyà tó ní òdòdó, ẹsẹ̀ tó kéré. Ó kúnlẹ̀. Ó fi iwájú orí kan etí bẹ́ẹ̀dì. "Ìyá wa. Ìyá Onírú. Ọjọ́ ọjà tó kọjá yìí náà lẹ fi ènì kún tèmi. Ẹ sùn re o. Ẹ má jọ̀kùn, ẹ má jẹ ekòló. Ohun tí wọ́n bá ń jẹ lọ́run ni kẹ́ ẹ máa bá wọn jẹ." Ohùn rẹ̀ dùn. Ó máa ń lé orin fún ẹgbẹ́ akọrin, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ohùn kọjá ògiri.

Ó kọjá ògiri lóòótọ́. Obìnrin tó ń fọ aṣọ nílé kejì gbọ́ ọ, ó fi ọwọ́ lérí, ó sáré bọ́ síta. Ẹni tó wà ní òdìkejì títì béèrè ohun tó dé. Kí ẹyin tó jinná, ìsàlẹ̀ ilé ti kún. Wọ́n ń sunkún, wọ́n ń béèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀, àwọn tí kò mọ̀ ló sì ń ṣàlàyé fún àwọn tó ń béèrè. Ẹnìkan ní orúnkún ni. Ẹnìkan ní orúnkún kì í pa èèyàn. Ẹni èkíní ní, "Ti ẹ̀yin, àbí ti wọn?"

Ìbídùn rí gbogbo rẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn. Ó fẹ́ kígbe pé irú ni, ṣùgbọ́n ikọ́ nìkan ló ń jáde, bó bá sì ti wú ikọ́, àwọn tó wà nísàlẹ̀ á wí pé, "Ẹ wò ó, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́." Ó yí sí Gbádébọ̀ kó bá òun sọ ọ́. Gbádébọ̀ ti ń bá ẹnìkan lọ́wọ́ láti gbé àga ìjókòó wá fún àwọn ọlọ́fọ̀. Ẹ̀rù ti mú kó di ọmọ ilé.

Ìgbà náà ni orin dé láti ìkòríta. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ni, nínú aṣọ funfun wọn, wọ́n ń bọ̀ pẹ̀lú orin ìtùnú, nítorí ìròyìn ti dé ìpàdé wọn pé òkú ṣẹ̀ ní òpópónà yìí. Ẹgbẹ́ wọn ló máa ń kọ́kọ́ dé ilé ọ̀fọ̀ kí ẹlòmíràn tó dé. Ìbídùn fetí sílẹ̀. Ohùn tó ń lé orin náà, ó mọ̀ ọ́n. Ohùn tó ń jí i fún àdúrà ìdájí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i ni.

Ìyá Onírú dé iwájú ilé ara rẹ̀, ó dá orin dúró. Obìnrin aláṣọ fífọ̀ jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó fi ìró bojú, ó ń sunkún gidi.

"Ta ló kú?" ni ìyá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá Onírú ni." Kò gbé ojú sókè. "Ìyá dáadáa. Ó ní òun á fún mi ní irú ní òwúrọ̀ yìí."

"Irú náà ò tíì jinná."

"Ẹ má sọ ti irú mọ́, màmá. Ó ti lọ."

"Lọ síbo? Ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì níbi tí mo fi í sí."

Obìnrin náà ṣí ìró lójú. Ó wo ìyá láti orí dé ẹsẹ̀: aṣọ funfun, fìlà funfun, ojú tó ń bínú.  Ó dìde wẹ́rẹ́, ó kó bàtà rẹ̀, ó sì kúrò níbẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ wo ohun tó ń sá fún. Ẹ̀yin ará, ẹ ti gbọ́ pé àwọn èèyàn sáré. Ẹ ò tíì gbọ́ ibi tí àga ti sáré. Ọkùnrin kan gbé àga tó jókòó lé sá lọ, kò mọ̀ pé ó wà lọ́wọ́ òun títí tó fi dé ọjà. Gbádébọ̀ ò wá ilẹ̀kùn. Ó gba ilé ìdáná jáde, ó fo ọgbà, ó sì bọ́ sáàárín oko ata.

Ìyá Onírú di ara àtẹ̀gùn mú. Mọ́kàndínlógún ni wọ́n, kò gbàdúrà lórí ẹyọ kan. Ó wọ yàrá ẹ̀yìn láti inú èéfín, ní funfun, ó ń mí gúlegúle.

Ìyàwó Alàgbà gbójú sókè láti ibi tó kúnlẹ̀ sí. Ó wo ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ẹni tó nà lórí bẹ́ẹ̀dì. "Ìyá," ni ó wí, "èmi ò ṣe yín ní nǹkan kan láyé."

"Mo mọ̀. Gbé ìgbọ̀nwọ́ rẹ kúrò lórí apẹ̀rẹ̀ mi."

Alàgbà Olúkọ̀tún nìkan ni kò mira. Ó dúró sí igun yàrá pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́. Ó ní, "Láti ìsàlẹ̀ ni mo ti ń bá imú mi jà. Mo ní òkú ni. Imú ní, bóyá òkú ni, ṣùgbọ́n irú wà lábẹ́ rẹ̀." Ó mú etí aṣọ funfun náà, ó ká a sẹ́yìn, ó ká kúbùsù. Apẹ̀rẹ̀ márùn-ún wà níbẹ̀, wọ́n ń gbóná pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò sí èyí tó kú nínú wọn.

Ìyá yí sí ọmọ rẹ̀. "Ìbídùn, kí nìyí?"

Ikọ́ ti dá. Ìbídùn ìbá ti rí irọ́ mìíràn pa, nítorí ọ̀kan kì í dá wá. Ó wo ojú ìyá rẹ̀, ó wo òógùn tó ń ṣàn lójú náà nítorí àtẹ̀gùn, ó sì kúnlẹ̀.

"Màámi, irú ni mo ń bò. Mo rò pé bí wọ́n bá gbọ́ òórùn rẹ̀, wọ́n á lọ bíi ti àwọn yòókù. Ọjọ́ Àìkú lọ̀la. Mi ò fẹ́ kí ẹ tún ṣubú lórí àtẹ̀gùn yẹn. N kò lè tún wo ohun tí mo wò lọ́jọ́ náà."

 Ìyá Onírú rìn lọ sí ojú fèrèsé.

"Màámi, irú ìkórè," ni Ìbídùn wí.

"Mo mọ ohun tó jẹ́." Ó ṣí fèrèsé èkíní, ó ṣí èkejì. "Ọlọ́run tí mo ń gbé irú lọ fún ní imú. Kí lo rò pé ó ń gbọ́ láti òkè ní àárọ̀ yìí?"

Afẹ́fẹ́ òkè wọlé. Ó gba yàrá ẹ̀yìn wọ pálọ̀, ó gbá tùràrí mọ́ra, ó fa káńfọ̀ tẹ̀ lé e, ó sì kó gbogbo wọn jáde gba orí àtẹ̀gùn. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ilé fi padà di ilé. Ohun tó kù ni òórùn irú kan ṣoṣo, bó ṣe yẹ kó rí, kò sì tó nǹkan mọ́.

Alàgbà Olúkọ̀tún tọ ìka bọ apẹ̀rẹ̀ ńlá, ó mú irú kan, ó tẹ̀ ẹ́. Ó fà bí ilá. "Ó ti jinná. Ọjọ́ mélòó ni?"

"Ọjọ́ kejì rèé," ni ìyá wí. Ẹnu ya òun náà.

"Ọjọ́ méjì, nínú òjò yìí? Ọjọ́ mẹ́rin ni ti ará ilé tó ń se é nílé tí a wà, ó sì ń hu funfun." Ó kọjú sí ògiri, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ láti ìsàlẹ̀ dókè. Ó wo igun àjà. Ó yọ káńfọ̀ kan lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì, ó sọ ọ́ gba ojú fèrèsé. "Ògiri gbígbẹ. Òrùlé tí kò jò. Ìyá, ilé mẹ́fà ni mo ti wò. Gbogbo wọn ló ń ta sánsán. Bí mo bá fa aṣọ fèrèsé sẹ́yìn, màá rí ibi tí òjò ń gbà wọlé. Nígbà tí mo gbọ́ lọ́fínńdà lẹ́nu ọ̀nà yín, mo ti fẹ́ padà. Ìyàwó mi ló ní a gbọ́dọ̀ kí òkú."

"Mo kí i," ni ìyàwó rẹ̀ wí láti orí àga tí wọ́n gbé e lé. "Mo kí i dáadáa."

"Bí kì í bá ṣe òkú yìí, a ò bá tí gòkè." Ó dé fìlà rẹ̀. "A ó ra ilé náà. Ẹ ránṣẹ́ sí onílé kékeré yín lónìí, kí ọjọ́ Àìkú má baà bá yín lẹ́nu rẹ̀."

Ìbídùn wà lórí ìkúnlẹ̀ síbẹ̀. Nǹkan kan tú lára rẹ̀ láti èjìká dé ẹsẹ̀, ó sì wá sunkún tó ní ìdí. Ìyá rẹ̀ fọwọ́ kàn án lórí. "Dìde. Dì mí mú, ká jọ sọ̀kalẹ̀ lọ bá onílé kékeré náà. Ẹsẹ̀ mi ti ń rántí ohun tí mo fi ojú rẹ̀ rí."

Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti bá Gbádébọ̀. Ewé ata wà nínú irun rẹ̀. Ó fi orí nìkan yọ lẹ́nu ọ̀nà ìdáná, ó béèrè bóyá òkú ti lọ.

"Wá síbí," ni Alàgbà wí. "Ṣé ìwọ lo kó káńfọ̀ wọlé?"

"Ẹ̀ẹ́n, sà. Ká lè fi lé òórùn ni."

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣe iṣẹ́ wolé-wolé, ọmọ mi. Gbọ́ èyí tí o ò ní san owó ilé ìwé fún. A kì í fi òórùn lé òórùn. Fèrèsé là á ṣí."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn tó sáré lọ́jọ́ náà ló gbé e kiri ìlú, nítorí ojú ń tì wọ́n láti sọ pé apẹ̀rẹ̀ irú ni àwọn sunkún fún, tí àwọn tún sá fún. Bí ẹnìkan bá bi wọ́n pé kí ló ṣẹlẹ̀ nílé Ìyá Onírú, wọ́n á túnra mú bí àgbà, wọ́n á sì fi òwe dáhùn. Nígbà tó yá, òwe náà rìn ju ìtàn lọ, ó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀yin tí ẹ rò pé àwọn ẹlẹ́ja ló ni ín.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará mi, bí àlejò bá ń bọ̀ wá wo ilé yín, tàbí wá wo ọkàn yín, tí nǹkan kan sì ń rùn níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí káńfọ̀ wà níbi tó wà. Ẹ fi òwú sílẹ̀. Ẹ má tẹ́ aṣọ funfun lé ohunkóhun tí kò tíì kú, kí wọ́n má baà bá yín sin ín. Kí ẹ sì tó tan tùràrí, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹni tí wọ́n máa wá ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ kọ́ ló ń lé orin bọ̀ lójú títì yẹn. A kì í fi òórùn lé òórùn. Fèrèsé là á ṣí.